Ìrẹsì ni kí ẹ fura sí, kì í ṣe ẹran orí èédú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá ń lọ sí Singapore ni wọ́n máa ń fún ní ìmọ̀ràn kan náà kí wọ́n tó jókòó ti oúnjẹ ní àwọn ọjà olóúnjẹ tí wọ́n ń pè ní hawker centre. Wọn a ní kí ó ṣọ́ra fún satay, ìyẹn ẹran tí wọ́n gún mọ́ igi tín-ín-rín tí wọ́n sì yan lórí èédú, nítorí pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń yan án, níbi tí èéfín àti eruku ti ń fẹ́. Ní ti ìrẹsì, wọn a ní kò léwu rárá, nítorí pé ohun tí iná bá ti sè, tí ó sì ń gbóná nígbà tí wọ́n gbé e síwájú ẹni, kò lè ní kòkòrò nínú mọ́. Ìmọ̀ràn yìí gbajúmọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀bi sórí aláìmọwọ́mẹsẹ̀, ó sì dá ẹni tó yẹ ká fura sí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹjọ́ ẹran rò. Ẹran satay kéré, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà kì í pẹ́ tí ooru èédú fi ń dé àárín rẹ̀. Ìwọ̀n ooru tí àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Singapore ń fẹ́ kí àárín ẹran dé ni 75°C, ẹran tó rí wínníwínní bẹ́ẹ̀ kì í sì í jìyà kó tó dé ibẹ̀. Ohun tó yẹ kí ojú oníbàárà wà lára rẹ̀ ni koóko ọba tí àwọn ayanran máa ń fi pa òróró sí i lára: bí wọ́n bá fi kan ẹran tútù, tí wọ́n sì tún fi kan èyí tó ti jinná tí wọ́n fẹ́ gbé fún ẹ, a jẹ́ pé ohun tí iná ti pa ti padà wọlé. Ọ̀rọ̀ kí ohun tútù kan ohun jíjinná kì í ṣe eré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní rojak tí àwọn ènìyàn jẹ ní ọjà kan ní Geylang Serai ní Singapore mú ènìyàn 154 ṣàìsàn, méjì sì kú nínú wọn. Kòkòrò tó máa ń wà lára ẹja àti edé tútù ló ràn mọ́ oúnjẹ tó ti jinná. Àwọn tó ń bẹ̀rù ibi tó jóná dúdú lára ẹran ní ìdí tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń mú ènìyàn bì ní alẹ́ ọjọ́ tó jẹun.

Ní ti ìrẹsì, kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti ń bá ìrẹsì wọ ilé ìdáná. Bí nǹkan bá le fún un, ó máa ń sọ ara rẹ̀ di wóró tí èèpo rẹ̀ le, omi híhó kì í sì í pa wóró náà. Ohun tí sísè ń ṣe gan-an ni pé ó ń pa àwọn kòkòrò yòókù tí ì bá máa bá a du oúnjẹ, ó sì ń jí wóró náà lójú oorun. Bí wọ́n bá wá sọ ìrẹsì náà kalẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kó máa tutù díẹ̀díẹ̀, ààrin 5°C sí 60°C ni kòkòrò náà ti ń bí sí i. Láàárín wákàtí mélòó kan, ó lè ti pọ oró sínú ìrẹsì náà, oró yìí gan-an ni iná kò sì rí mú: ó lè wà nínú ooru 121°C fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kó má bàjẹ́. Kò sí àgbada olóúnjẹ kankan tó lè fún ìrẹsì ní irú ooru bẹ́ẹ̀ fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ìrẹsì àná kaná lẹ́ẹ̀kan sí i ti pa kòkòrò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oró tí ó ti sọ síbẹ̀ kò kúrò. Ìdí nìyí tí ìrẹsì díndín fi lókìkí nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n so èébì àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ìrẹsì díndín tí wọ́n rà. Àwọn alásè fẹ́ràn láti fi ìrẹsì tó ti sùn mọ́jú dín in, nítorí pé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná máa ń lẹ̀ mọ́ra.

Aago pẹ̀lú ń jẹ́rìí sí i. Èébì tí oró inú ìrẹsì ń fà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ. Kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ Campylobacter, tí ẹran adìyẹ tí kò jinná dáadáa máa ń gbé kiri, sábà máa ń gba ọjọ́ méjì sí márùn-ún kó tó fi ara hàn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá jẹ satay adìyẹ àti ìrẹsì ní ọ̀sán, tó sì ń bì kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹran adìyẹ tó ń ṣépè fún kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bá wí.

Àwọn àmì tí a gbára lé kì í sì í ràn wá lọ́wọ́ tó bí a ṣe rò. Oró yìí kì í mú ìrẹsì kan, kì í sì í yí òórùn rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni ata, bó ti wù kó ta tó, kò lè fọwọ́ kàn án. Lẹ́tà bíi A tàbí B tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìsọ̀ ní ọdún 1997 ń sọ nípa ìmọ́tótó ibẹ̀. Kò lè sọ fún ẹ ìgbà tí wọ́n sọ ìkòkò ìrẹsì ti òní kalẹ̀. Àmì kan ṣoṣo tí mo fọkàn tán díẹ̀ ni ìlà gígùn àwọn oníbàárà, kì í ṣe torí pé ògbójú alásè ló wà níbẹ̀ ni o, bí kò ṣe pé ìrẹsì kì í pẹ́ nínú ìkòkò níbẹ̀. Ní ìsọ̀ oní-chicken rice tó ń tà wàràwàrà, orí ooru ni ìrẹsì máa ń wà títí yóò fi tán, wọn a sì tún se òmíràn, níwọ̀n ìgbà tí ooru ibẹ̀ bá sì ti ju 60°C lọ, kòkòrò náà kò lè pọ̀ sí i.

Èyí tí wọ́n dì fún ẹ láti gbé lọ sílé ló yẹ kó kọ ẹ́ lóminú jù. Kí oúnjẹ jíjinná tí kò sí lórí ooru, tí kò sì sí nínú firíìjì má kọjá wákàtí mẹ́rin. Bí mo bá bi olóúnjẹ léèrè, tó sì ní láti àárọ̀ ni òun ti sọ ìrẹsì náà kalẹ̀, ẹran orí igi nìkan ni màá rà.