Sísún mọ́ ère kékeré kọ́ ni ó ń mú kí fótò rẹ̀ mọ́ gaara

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni wọ́n gbà pé bí nǹkan bá ṣe kéré tó ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣe sún mọ́ ọn tó, kí fótò rẹ̀ tó lè hàn kedere. Àwọn agbẹ́gilére tí ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kéékèèké, àwọn tí ń fi ọ̀dà kùn ún, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá wọn tà á lórí WhatsApp àti Facebook, ìgbàgbọ́ kan náà ni gbogbo wọn dì mú. Bí fótò bá rí bàìbàì, wọn á tún sún mọ́ ère náà sí i. Bí kò bá tún dára, wọn á ní fóònù ni kò dára, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó èyí tí ó ní mẹ́gápíksẹ́lì púpọ̀ (mẹ́gápíksẹ́lì kan jẹ́ mílíọ̀nù kan píksẹ́lì, ìyẹn àwọn tóótó kéékèèké tí ó para pọ̀ di fótò). Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sísún tí wọ́n ń sún mọ́ ọn yẹn gan-an ni ó ń ba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn fótò náà jẹ́.

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàdédé wáyé. Bí a bá fẹ́ rí ohun kékeré dáadáa, a máa ń gbé e sún mọ́ ojú, ó sì máa ń hàn sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó níbi tí ó mọ. Ẹ na ìka kan síwájú, kí ẹ máa fà á bọ̀ níbi imú díẹ̀díẹ̀: yóò dé ibì kan tí ilà orí ìka náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bàìbàì, bó ti wù kí ẹ tẹjú mọ́ ọn tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú kámẹ́rà rí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù, kámẹ́rà ńlá tí ó wà lẹ́yìn kò lè mú ohun tí ó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Nínú àwọn olówó gọbọi tuntun, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó fi owó ńlá ra fóònù nítorí ère kékeré lè rí i pé ó gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn ju bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Àmọ́ ibi tí kámẹ́rà ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í ríran nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Kámẹ́rà kì í mú gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ibì kan ni ó máa ń mú, àyè díẹ̀ á sì wà níwájú àti lẹ́yìn ibẹ̀ tí ó ṣì mọ́. Ohun tí ó bá kọjá àyè yẹn á ṣú. Bí kámẹ́rà bá ṣe ń sún mọ́ nǹkan ni àyè náà ń fún sí i, ó sì ń yára fún. Ẹ jẹ́ kí a mú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6: ojú funfun, ilà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, gèlè búlúù, ejò aláwọ̀ ewé tí ó ká sórí gèlè náà, tí ìrù rẹ̀ sì ṣẹ́ sí ẹ̀yìn. Láti orí imú ère yìí dé ìrù ejò lè tó sẹ̀ǹtímítà 4. Bí a bá fi kámẹ́rà ńlá tí kì í ṣe ti fóònù yà á, irú èyí tí pátákó tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 36 sí 24, tí a ṣí ojú rẹ̀ sí f/8 (nọ́ńbà tí ń sọ bí ojú kámẹ́rà ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń tóbi ni ojú náà ń fún), tí a sì sún mọ́ ère náà títí àwòrán rẹ̀ lórí pátákó yẹn fi di ìdajì ìwọ̀n ère gan-an, àyè tí ó mọ́ kò ní ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ. Ẹ fi rúlà wo mílímítà 3. Bí kámẹ́rà bá mú orí imú, ẹyinjú á ti ṣú, ká má tíì wá sọ ti ejò. Bí a bá wá fà sẹ́yìn títí àwòrán náà fi di ìdá kan nínú márùn-ún, àyè náà á fẹ̀ dé nǹkan bíi mílímítà 14. Bí ó bá di ìdá kan nínú mẹ́wàá, á ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, gbogbo ère, láti imú dé ìrù ejò, á sì wọ inú rẹ̀ láìfún.

Pátákó inú fóònù kéré gan-an, nítorí náà àyè tirẹ̀ fẹ̀ ju ti kámẹ́rà ńlá lọ. Ìdí nìyí tí fóònù lásán fi máa ń ya ère kékeré dára ju kámẹ́rà olówó ńlá lọ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníkámẹ́rà kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé.

Ìbàjẹ́ kejì tí sísúnmọ́ ń ṣe ni pé ó ń yí ojú ère padà. Ká ní imú ère náà fi sẹ̀ǹtímítà 2 yọ síwájú etí rẹ̀. Bí fóònù bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí imú, ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 7 sí etí, nítorí náà imú á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ ní ìdá 40 nínú 100 tí a bá fi wé etí. Ní sẹ̀ǹtímítà 30, àfikún náà kò ju bí ìdá 7 lọ. Agbẹ́gilére fara balẹ̀ wọn imú mọ́ ojú àti etí, ayàwòrán wá sọ ọ́ di onímú gbọ̀ǹgbọ̀. Ẹni tí ó wà ní Pàrís tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, á rò pé agbẹ́gilére ni kò mọṣẹ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe fóònù pàápàá dá kún ìgbàgbọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ fóònù pọ́ọ́kú ni wọ́n fi kámẹ́rà kékeré kan sí lẹ́yìn, tí wọ́n pè ní Macro, ìyẹn èyí tí ó wà fún yíya nǹkan láti itòsí gan-an, tí mẹ́gápíksẹ́lì rẹ̀ kò ju 2 lọ. Gbogbo àwòrán tí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lè yà kò ju píksẹ́lì 1600 sí 1200 lọ. Kámẹ́rà ńlá inú fóònù kan náà, bí ó bá jẹ́ ti mẹ́gápíksẹ́lì 12, ń ya 4000 sí 3000. Bí a bá jìnnà títí ère fi gba ìdá kan péré nínú mẹ́ta gígùn fótò náà, ère nìkan á ṣì ní ju píksẹ́lì 1300 lọ, tí a lè gé jáde, ó sì tó láti kún ojú fóònù ẹni tí ń wò ó. Ti àwọn olówó náà ní tirẹ̀: láti ọdún 2021 ni iPhone 13 Pro ti ń lo kámẹ́rà rẹ̀ tí ń rí ibi tí ó fẹ̀ láti ya ohun tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré. Ó dára púpọ̀ fún kòkòrò tàbí fún ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère nìkan, nítorí pé ojú ilà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Fún odindi ère, imú gbọ̀ǹgbọ̀ ni á bí.

Nítorí náà, ẹ gbé fóònù jìnnà sí ère ní ìwọ̀n láti ìgúnpá yín dé ọrùn ọwọ́, kí ẹ tẹ ojú ère lórí fóònù kí kámẹ́rà lè mú ibẹ̀, kí ẹ yà á, kí ẹ sì gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn náà. Bí fóònù yín bá ní kámẹ́rà tí ń fa nǹkan tí ó jìnnà wá sítòsí, tí ó jẹ́ ojúlówó, òun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tún fà sẹ́yìn sí i. Ẹni tí ó ní kámẹ́rà ńlá lè lo f/8 tàbí f/11; kí ó má ṣe rò pé f/22 á tún dára sí i, nítorí pé bí ojú kámẹ́rà bá fún jù, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á fọ́n ká, gbogbo fótò á sì rí bàìbàì díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó sún mọ́ ère, ìyẹn ni ìmọ́lẹ̀. Fóònù tí ó bá rọ̀ mọ́ ère ń ṣíji bò ó, ìyẹn sì ni ìbàjẹ́ kẹta tí mo fẹ́ kà sí i lọ́rùn. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára, nítorí pé ibi tí ó bá kàn á funfun, ibi tí kò bá kàn á sì dúdú kirikiri. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kùn ère lóde òní a sì máa dán, tó bẹ́ẹ̀ tí iná fóònù fi ń sọ orí ejò di tóótótó funfun kan ṣoṣo. Ẹ gbé ère sẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, kí aṣọ náà sún mọ́ ère bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó láìwọ inú fótò, nítorí pé bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá bá ṣe tóbi tí ó sì sún mọ́ nǹkan tó ni òjìji rẹ̀ ń rọ̀ tó. Ẹ fi bébà funfun kan dúró ní ìhà kejì kí ó dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ pa gílóòbù inú yàrá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á pọ́n, èkejì á sì ní àwọ̀ búlúù. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ gbá ère náà kí ẹ tó yà á. Eruku tí ojú lásán kò rí á hàn ketekete nínú fótò.

Ohun tí a tẹ́ sẹ́yìn ère náà ní ipa tirẹ̀. Aṣọ dúdú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn, ṣùgbọ́n bí òkùnkùn bá pọ̀ nínú fótò, kámẹ́rà á rò pé ilẹ̀ ṣú, á sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí ojú funfun Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á fi funfun jù, tí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì parẹ́. Bébà eléérú tàbí ti àwọ̀ igi ni mo fara mọ́. Bí ó bá jẹ́ dúdú ni ẹ fẹ́ dandan, ẹ tẹ ojú ère lórí fóònù, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ inú ilé kò lágbára tó ti ìta, nítorí náà ojú kámẹ́rà á pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padé, ọwọ́ tí ó bá sì gbọ̀n ní àkókò náà á ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ gbé fóònù ti bíríkì tàbí agolo mílíìkì, kí ẹ lo aago rẹ̀, kí ó fúnra rẹ̀ yà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 3.

Níkẹyìn, fótò tí ó mọ́ gaara lórí fóònù yín lè dé ọwọ́ oníbàárà ní Kútọnu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́ bí ohun tí a yà nínú kùrukùru, nítorí pé WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kí ó tó fi í ránṣẹ́. Ẹ yan HD nígbà tí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́, kí ó má bàa fún un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé (Document), kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fótò. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, bí ó ṣe rí lọ́wọ́ yín ni oníbàárà náà á ṣe rí i.