Ọdún 50 nílé ọkọ: ṣé Yorùbá kì í kọ ọkọ lóòótọ́?

Ọmọ Aláṣọ: Àwọn òbí mi pé 50 ọdún nínú ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ra aṣọ ẹbí, a pa màlúù, pásítọ̀ wàásù pé àwọn ọmọ ìwòyí ò ní sùúrù. Bó ṣe ń wàásù lọ́wọ́, àbúrò mi obìnrin wà ní kíṣìnnì, ó ń sunkún. Ọdún 4 péré ló lò nílé ọkọ kó tó kó ẹrù dé. Bàbá ní kó padà, pé Yorùbá kì í kọ ọkọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Àkàndé Ìsẹ́yìn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lọ wo ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897. Ó ní ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé ṣe ló dà bí ẹni pé kò sí. Ẹbí méjì ló ń fẹ́ra nígbà yẹn. Alárinà wà, owó orí wà, bí ìjà bá dé, ilé ni wọ́n ti ń parí ẹ̀. Lónìí, orí fóònù ni wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń túká.

Ìyá Ìbejì: Àkàndé, ẹ ka ojú ìwé náà tán. Johnson yìí kan náà ló sọ pé obìnrin lè kọ ọkọ tí ìwà ìkà rẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ẹlẹ́rìí sì wà. Bí kò bá sí i rárá, kí ni à ń pè ní dálémosú? Òyìnbó kọ́ ló bá wa sọ ọ́ lórúkọ.

Àkàndé Ìsẹ́yìn: Èébú mà ni dálémosú, ìyá wa. Ìyẹn gan-an ló fi hàn pé àwùjọ ò fẹ́ ẹ.

Ìyá Ìbejì: Mo gbà, èébú ni. Ẹ ti gbọ́ kí wọ́n fi bú ọkùnrin rí?

Ọmọ Ẹ̀gbá: 😂 Ẹ dáhùn o. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, l'Abẹ́òkúta tiwa, obìnrin ló kún ibẹ̀. Ọkọ tuntun á dá owó orí padà fún ọkọ àná, ọ̀rọ̀ á bùṣe. Àwọn ìyá-ìyá wa nìyẹn o! Àwọn ọkùnrin sì ń pariwo nígbà náà pé ayé ti bàjẹ́.

Bùnmi Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ìyá mi ò kọ bàbá mi. 2009 ni wọ́n wá bá mi gbọ́mọ, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn máa lò. Ọmọ tí wọ́n wá gbé ti ga jù mí lọ báyìí, wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Bàbá wà n'Íbàdàn pẹ̀lú ìyàwó kékeré. Lọ́dún tó kọjá, ìyá wọ bàálù lọ sílé, àwọn méjèèjì jókòó sórí àga ọlọ́lá, wọ́n gé kéèkì ọdún 45. Ọjọ́ kẹrin ni ìyá padà wá bá mi. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Háà, ẹ ti tú àṣírí ìyá mi. Houston ni tiwa wà.

Àkàndé Ìsẹ́yìn: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn: ilé ò dà rú. Àwọn ọmọ ṣì ní ibi tí wọ́n ń pè ní ilé bàbá wa. Ẹni tó túká lórí ọmọ ọdún 3, ibo ni ọmọ yẹn ti máa ṣọdún?

Ìyá Ìbejì: Ilé tó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Irú ilé tí ẹ ń wí yẹn ni mo dàgbà sí. A ṣọdún dáadáa. Bí a bá sì ti gbọ́ ìró bàtà bàbá wa lẹ́nu ọ̀nà, a ti mọ irú alẹ́ tó máa jẹ́.

Lọ́yà Mápó: Ọmọ Aláṣọ, ṣé rẹ́jísírì ni àbúrò yín lọ àbí ìdána nìkan ni wọ́n ṣe? Tó bá jẹ́ rẹ́jísírì, kóòtù ìbílẹ̀ ò lè tú u ká. Ilé ẹjọ́ gíga ni, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ti 1970, ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí kò bá tíì pé ọdún 2, àfi kí adájọ́ kọ́kọ́ yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ti kọjá ìyẹn. Bùnmi, ti ọ̀dọ̀ yín ló rọrùn: láti oṣù Kẹrin 2022, ẹnikẹ́ni ò ní láti ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnì kejì lọ́rùn mọ́, èèyàn á kàn dúró ọ̀sẹ̀ 20 kó tó tẹ̀ síwájú.

Ọmọ Aláṣọ: Rẹ́jísírì ni, sà. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n kọ ọ́ lókè: ó ń lù ú ni.

Àkàndé Ìsẹ́yìn: Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀! Kó má padà o. Ṣùgbọ́n ẹ pe ẹbí ọkọ jókòó ná, kẹ́ ẹ tó dé kóòtù.

Ìyá Ìbejì: Ẹbí tó ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti yàrá kejì?

Ọmọ Aláṣọ: Bàbá ò tíì yí ohùn padà. Ìyá wa ò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n kó àpò ìrẹsì tó ṣẹ́ kù níbi àríyá kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀.