Ooru ojú ọjọ́ kọ́ ni ẹ ó fi yan adágún báàsì

Ó ti sú mi. Bí omi bá ti ń di yìnyín ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé fún gbogbo ẹni tó fẹ́ lọ pẹja báàsì, ẹja adágún tí wọ́n ń fi ìwọ̀ pa: ẹ gba Florida lọ, oòrùn wà níbẹ̀. Ẹni tó gbà wọ́n gbọ́ á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù Kìíní, á sanwó fún amọ̀nà, á jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ oòrùn tó mọ́ kedere, ẹja kan ò sì ní fẹnu kan ìdẹ rẹ̀. Wọ́n á ní kò ríre ni. Irọ́ ni, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un ni kò pé.

Inú omi ni báàsì ń gbé. Adágún Okeechobee ní Florida fẹ̀ tó máìlì onígun mẹ́rin 730, síbẹ̀ jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ tí a bá pín in dọ́gba. Adágún Toho àti Kissimmee, ní Florida náà, ò jìn. Omi tí kò jìn máa ń tètè gbóná, òun náà ló sì ń tètè tutù. Tí afẹ́fẹ́ òtútù bá já wọlé láti àríwá, ooru irú omi bẹ́ẹ̀ lè fi dìgírì Fahrenheit 5 sí 10 wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, báàsì ìran Florida kò sì lè fara da irú ìyípadà òjijì yẹn. Ẹja tó ń lé ìdẹ kiri lánàá á wọ abẹ́ koríko lọ, á pa ẹnu dé.

Ohun tó ń tan àlejò jẹ ni pé ọjọ́ tó burú jù kì í jọ ọjọ́ burúkú. Kí òtútù tó dé, nígbà tí atẹ́gùn ṣì ń fẹ́ láti gúúsù, tí ìkùukùu sì ṣú, ẹja máa ń jẹun gan-an. Ọjọ́ kejì òtútù, tí ojú ọ̀run mọ́ roro, tí gbogbo nǹkan dára fún fọ́tò, ìyẹn gan-an lọjọ́ ọwọ́ òfo. Ó máa ń tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹja tó bọ̀ sípò. Ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta lè bọ́ sáàárín ìyẹn pátápátá.

Wọ́n á wá mẹ́nu ba Dean Rojas, apẹja báàsì tó ń figagbága. Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Kìíní 2001, ní Toho, ẹja márùn-ún tó kó wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo wọn pọ́ùn 45 àti áúnsì 2. Ẹja tó gòkè wá ṣe ìtẹ́ ẹyin ni, ojú ló fi ń rí wọn kó tó ju ìdẹ sí wọn. Ta ló lè ra irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn?

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ ra ọjọ́ kí ẹ tó ra ibi. Ọjọ́ márùn-ún ló kéré jù, méje ló dára. Ìwé àṣẹ ìpẹja nínú omi tí kò níyọ̀ fún àlejò ní Florida jẹ́ dọ́là 17 fún ọjọ́ mẹ́ta, dọ́là 30 fún ọjọ́ méje. Dọ́là 13 péré ló wà láàárín wọn. Ẹ fi ibùsùn yín sí ibi tí ẹ ti lè dé omi tó yàtọ̀ síra, nítorí tí atẹ́gùn bá da Okeechobee rú, omi àárín rẹ̀ á dọ̀tí, ìgbì rẹ̀ á sì léwu fún ọkọ̀ kékeré. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ojú odò tó forí pamọ́ sí etí àríwá, níbi tí afẹ́fẹ́ náà kò ti rí omi gbá. Ibi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi bá dúdú ló máa ń kọ́kọ́ gbóná lọ́sàn-án.

Bí òtútù bá wá ká yín mọ́bẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé ìdẹ tó ń sáré sílẹ̀. Ẹja wà lábẹ́ koríko tó nípọn, ibẹ̀ lẹ ó bá a. Òjé tungsten áúnsì 1 sí 1½ tó ń fa ìdẹ wọlẹ̀, tí ẹ dè pa kó má yọ̀ lórí okùn, ìwọ̀ tí ọrùn rẹ̀ tọ́, ìwọ̀n 4/0, okùn híhun (braid) tó lágbára tó pọ́ùn 65, ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Kí ìdẹ rọ́bà náà kéré, kó má ní apá àti ẹsẹ̀ púpọ̀. Èyí tó ní ìyẹ́ rẹpẹtẹ á há sórí koríko, kò ní wọlẹ̀. Tó bá ti já sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró, ẹ fi sùúrù gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Ẹja tó tutù kì í lé nǹkan.

Tàbí kí ẹ lo golden shiner ààyè, ẹja kékeré tí wọ́n ń fi ṣe ìdẹ, èyí tí wọ́n kó nínú adágún, kì í ṣe èyí tí wọ́n sìn. Ti adágún mọ báàsì, yóò sá, sísá yẹn ló ń jí báàsì. Bí ẹ bá ń jẹ́ kó wẹ̀ ní etí koríko, ẹ fi ìwọ̀ gba ètè rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ kó wọ abẹ́ koríko, ẹ fi kọ́ ọ níbi lẹ́bẹ́ ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ ìrù. Tí léfòó, ohun tó ń fò lórí omi lára okùn, bá rì, ẹ ká okùn títí yóò fi le, kí ẹ tó fà. Ẹ má dúró pẹ́, nítorí ẹja á gbé ìwọ̀ mì, yóò sì kú. Ẹja márùn-ún lófin gbà lóòjọ́, ọ̀kan péré nínú wọn ló lè gùn tó ínǹṣì 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹja ńlá tó bá lé ní ọ̀kan yẹn gbọ́dọ̀ padà sómi láàyè.

Ní ti Mexico, mo mọ̀ pé ẹ ó sọ ọ́. Adágún El Salto dára gan-an, òtútù ibẹ̀ kò sì le tó ti Florida. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Sinaloa ló wà, ìjọba Amẹ́ríkà sì ti ń kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú wọn pé kí wọ́n má lọ síbẹ̀. N kò lè fi ẹnu mi rán ẹnikẹ́ni lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú mi lójú ni adágún tí ilé iṣẹ́ amúnáwá ń mú gbóná ní Texas, bíi Fayette nítòsí La Grange. Omi gbígbóná ń tú jáde níbẹ̀ yálà òtútù dé tàbí kò dé. Fún ẹni tí kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó lè sàn ju Florida, tí mo ti ń gbè lẹ́yìn láti òkè wá. Àmọ́ adágún Monticello, ní Texas náà, rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ iná rẹ̀ kógbá sílé ní 2018, omi rẹ̀ sì di omi lásán. Èédú ni wọ́n ń jó ní Fayette náà. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.