Ẹyin àgíríìkì kì í ṣe òrómọdìyẹ tí wọ́n pa

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp báyìí ni pé ẹni tó bá jẹ ẹyin àgíríìkì, òrómọdìyẹ tí kò tíì rí ayé ló jẹ; pé adìyẹ kò lè yé láìsí àkùkọ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fipá mú un; pé kí ẹni tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run máa jẹ ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ nìkan. Kò sí èyí tó dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ń bíni nínú jù ni pé ariwo yìí kì í jẹ́ kí wọ́n rí ìyà tí adìyẹ ń jẹ ní tòótọ́.

Ẹ wo inú adìyẹ fúnra rẹ̀ ná. Ilé ẹyin ti apá òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Pupa ẹyin á gbó níbẹ̀, á já, á sì bọ́ sẹ́nu ọ̀nà gígùn tí ẹyin ń gbà jáde. Ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ni àtọ̀ àkùkọ ti lè bá a pàdé, kò sì ní ju ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ. Bí kò bá bá a níbẹ̀, ó parí, torí funfun ẹyin ló máa bò ó níbi tó kàn, fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Awọ tín-ín-rín tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo á tẹ̀ lé e, wákàtí kan àti díẹ̀. Èèpo fúnra rẹ̀ ló ń pẹ́ jù: ó ń gba nǹkan bí ogún wákàtí kó tó le. Láti ìgbà tí pupa ti já títí dìgbà tí adìyẹ máa yé e, wákàtí 24 sí 26 ni. Kò síbì kan nínú gbogbo rẹ̀ tí iṣẹ́ ti ń dúró de àkùkọ. Àkùkọ wà o, kò sí o, pupa tó bá gbó á já.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un gbó. Ó ń gba agbárí adìyẹ wọlé dé ọpọlọ, ọpọlọ á wá tú àwọn omi ara tó ń jí ilé ẹyin sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń tan gílóòbù ní ìdájí tàbí nírọ̀lẹ́: ojúmọmọ ilẹ̀ Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 lọ, léyà, ìyẹn adìyẹ àgíríìkì tí wọ́n ń sìn nítorí ẹyin, sì ń fẹ́ 14 sí 16. Ẹni tó bá ti mú iná mọ́ wọn lára, tí iná wá lọ fún ọjọ́ mélòó kan láìsí jẹnẹrétọ̀, á rí i bí iye ẹyin ṣe máa já wálẹ̀, tí ìyẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í re. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń mú wọn yé, kí ló kan iná nínú rẹ̀?

Wọ́n rí abẹ́rẹ́ lóòótọ́. Àjẹsára lúkúlúkú ni, àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, tó lè gbá ilé adìyẹ kan mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Komarov, tí NVRI, iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ń ṣe, ni wọ́n ń gún wọn, wọ́n sì máa ń gún ìkẹyìn rẹ̀ nígbà tí adìyẹ bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni ẹyin àkọ́kọ́ máa ń bọ́. Ẹni tó bá wo méjèèjì láti ẹ̀yìn ọgbà á so wọ́n pọ̀.

Ẹyin ìbílẹ̀ tí wọ́n ń yìn yìí ńkọ́? Àárín àkùkọ ni adìyẹ ìbílẹ̀ ń rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹyin tirẹ̀ gan-an ló ṣeé ṣe kó ní ọlẹ̀ nínú. Kódà bí ẹ bá mú àkùkọ kúrò lónìí, àtọ̀ á ṣì wà lára àgbébọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ṣòro láti yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ rọra fọ́ ẹyin sínú àwo funfun níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, kí ẹ wo òkè pupa rẹ̀. Tóótó funfun kan wà níbẹ̀. Bí tóótó náà bá kéré, tó ki, tí etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka, kò sí ọlẹ̀. Bó bá fẹ̀ díẹ̀, tó rí bí òrùka tí àárín rẹ̀ mọ́, àkùkọ ti débẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kékeré tí wọ́n máa ń yà fọ́tò rẹ̀, iṣan tín-ín-rín tó já nílé ẹyin nígbà tí pupa ń já ni. Kì í ṣe ọmọ.

Àní èyí tó ní ọlẹ̀ gan-an kò tíì di òrómọdìyẹ. Ó fẹ́ ooru ìwọ̀n Celsius 37.5, ó fẹ́ ọ̀rinrin, ó fẹ́ kí wọ́n máa yí i lójoojúmọ́, ọjọ́ 21 ló sì ń gbà kó tó jáde. Mo gbà pé ooru ilé wa lè jí ọlẹ̀ díẹ̀ bí ẹyin bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ lórí àtẹ, àti pé akọ kan lè ṣèèṣì wọ àárín léyà. Ẹyin ìbílẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ yẹn bá wí jù. Ẹyin ní ń di àkùkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin tí àkùkọ bá lọ́wọ́ sí, tí àgbébọ̀ sì sàba lé, ni.

Ẹni tó bá ń wá ikú òrómọdìyẹ, kó lọ wo ibi tí ẹ̀rọ ti ń sàba lé ẹyin dípò àgbébọ̀. Bí Isa Brown, irú léyà kan, bá ṣe ń jáde nínú èèpo ni wọ́n ti ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo: abo pupa rẹ́súrẹ́sú, akọ funfun. Akọ kò ní yé, kì í sì í tètè lẹ́ran, nítorí náà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọ́n ń pa á lọ́jọ́ tó dáyé. Jámánì fòfin de é láti oṣù kíní ọdún 2022. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, àwọn èèyàn ń sìn ín ní kọ́kẹ́rẹ̀lì di Kérésìmesì. Lórí èyí, ọwọ́ wa mọ́ ju ti àwọn tó ń kọ́ wa ní àánú lọ.

Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ alára ńkọ́? Adìyẹ igbó Éṣíà tí gbogbo adìyẹ ti ṣẹ̀ wá ń yé nǹkan bíi 10 sí 15 lọ́dún. Léyà òde òní ń yé bí ọ̀ọ́dúnrún. Kálíṣíọ̀mù tó wà nínú èèpo ẹyin kan ju gíráàmù méjì lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo egungun ara adìyẹ kò ní ju bí ogún gíráàmù lọ. Ẹ rò ó wò. Bí oúnjẹ kò bá ní kálíṣíọ̀mù tó ìdá 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò sì rí gíráàmù 110 sí 120 jẹ lójúmọ́, egungun ara rẹ̀ ló máa fi san án. Ẹyin á máa rọ̀, èèpo á máa fọ́, ọjọ́ kan á sì dé tí kò ní lè dìde nínú kéèjì, kì í ṣe pé àrùn mú un. Bí ẹ bá tètè rí i, ẹ gbé e sórí ilẹ̀, kí omi àti oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kí ẹ fún un ní ìkarahun lílọ̀ tó rí ṣàkìṣàkì. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló dáa kí ẹ máa fún gbogbo wọn, torí òru ni èèpo ń gan, èyí tó rí ṣàkìṣàkì yẹn á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú iwe wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kéèjì ni ọ̀rọ̀ tó burú jù. Ìwọ̀n tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù fún adìyẹ kan nínú kéèjì lásán, sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 550, kò tó bébà A4, wọ́n sì fòfin de irú kéèjì bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2012. Tiwa ṣì wà káàkiri, mẹ́ta mẹ́rin nínú àlàfo kan, kò sáyè láti na apá, kò sí yẹ̀pẹ̀ láti fi wẹ̀, kò sí kọ̀rọ̀ tó lè wọ̀ lọ yé. Orí ilẹ̀ ṣeé ṣe: igi fífá láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, adìyẹ márùn-ún sí mẹ́fà nínú mítà kan níbùú lóròó, ó pẹ́ tán, àpótí ìyé kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 fún adìyẹ mẹ́rin sí márùn-ún, àti igi tí wọ́n á máa bà lé lálẹ́. Ẹ máa tú igi fífá náà. Bó bá tutù, òórùn rẹ̀ á máa ta wọ́n lójú. Bí wọ́n bá há jù tàbí tí iná mọ́lẹ̀ jù, wọ́n á máa ṣá ara wọn nídìí dójú ẹ̀jẹ̀, ìgbà yẹn ni àgbẹ̀ máa sáré lọ gé ẹnu wọn, dípò kó dín iye wọn kù.

Oògùn ló kù. Bí wọ́n bá fi oògùn apakòkòrò bí oxytetracycline tàbí tylosin sínú omi, ìwé ara oògùn náà máa ń sọ iye ọjọ́ tí wọn ò gbọ́dọ̀ ta ẹyin. Ọ̀pọ̀ ń tà á, torí kíréètì kan lówó lórí. Ẹ bi ẹni tó ń tà fún yín: ìgbà wo lẹ lo oògùn kẹ́yìn? Mélòó lẹ kó sínú àlàfo kan? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ra ti ẹlòmíràn.