Gbèsè kì í ṣe sàráà o

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọkàn mi jàre. Mo ń rí báwọn èèyàn ṣe ń yin ìjọba Ọsirélíà pé wọ́n gbìyànjú, pé wọ́n ń sanwó fáwọn Aboriginal, ìyẹn àwọn onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, tí wọ́n jẹ lówó iṣẹ́ láyé ijọ́un, ẹnì kan tiẹ̀ ní ìjọba tó láàánú nìyẹn. Àánú bíi ti báwo? Owó olówó wà lọ́wọ́ ẹ láti ọdún gbọ́nhan, ìgbà tí lọ́yà wọ́ ẹ dé kọ́ọ̀tù lo tó yọ díẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn wá jẹ́ àánú?

Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, bó ṣe lọ rèé. Ní Queensland, ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà, wọ́n ṣòfin kan lọ́dún 1897 tó gbé àwọn Aboriginal sábẹ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní "protector", ìyẹn alábòójútó, ọlọ́pàá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ló ń pinnu ibi tó o máa gbé, ibi tó o máa ṣiṣẹ́, ẹni tó o máa fẹ́ pàápàá, nígbà tó yá àwọn náà ló tún ń gba owó iṣẹ́ ẹ. Ọkùnrin á gun ẹṣin da màlúù láti ìdájí, obìnrin á fọṣọ á dáná nílé òyìnbó, owó táṣẹ́rẹ́ ló máa kàn wọ́n lọ́wọ́, ìyókù ti wọ account tí ìjọba ń dì mú. Tó bá wá fẹ́ ra bàtà, tèṣán ọlọ́pàá ló ń lọ o, á dúró, á máa ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fowó ara ẹ̀ ṣe, tó bá wu ọ̀gá ọlọ́pàá á ní kó wá tẹ̀ka, tí ò bá wù ú á ní kó máa lọ. Àgbàlagbà tó níyàwó tó bímọ ni mò ń sọ yìí o.

Ní Western Australia àti Northern Territory, lórílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ rí owó kankan, fìláwà, tíì, ṣúgà, tábà àti ẹran ni wọ́n ń fún wọn. Kì í sì í ṣe pé wọ́n káwọ́ gbera o. Ní Pilbara, ní Western Australia, Aboriginal kan tó ń jẹ́ Dooley Bin Bin ń ti oko màlúù kan bọ́ sí òmíràn, ó ń pín kàlẹ́ńdà fáwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè máa fagi lé ọjọ́ títí ọjọ́ tí wọ́n fàdéhùn sí láti daṣẹ́ sílẹ̀ á fi pé. Nígbà tó di May 1, 1946, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti Dooley àti Clancy McKenna tí wọ́n jọ ṣáájú mọ́lé, síbẹ̀ ìyanṣẹ́lódì yẹn wọ 1949.

Ibi tó ń bí mi nínú gan-an ni bí wọ́n ṣe ń san án. Lọ́dún 2002 Queensland ní káwọn àgbà gba 4,000 dọ́là, kí àwọn tó kéré sí wọn gba 2,000, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé pé àwọn ò ní pẹjọ́ mọ́. Western Australia gbé tiwọn dé ní 2012, 2,000 dọ́là, ẹni tó bá ti kú, tiẹ̀ ti gbé. Ó wá di November 2023, lẹ́yìn tí Mervyn Street, Aboriginal tóun náà ti ṣiṣẹ́ lóko màlúù, àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, ìjọba kan náà gbà láti san 16,500 dọ́là fẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé iṣẹ́ táwọn èèyàn yìí ṣe ló pọ̀ sí i láàárín ọdún mọ́kànlá ni?

Ṣé ẹ rí Hans Pearson, ó ṣiṣẹ́ lóko màlúù ní Queensland fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó rò pé owó tó wà nílẹ̀ á tó ra ilé, ọjọ́ tó lọ gbà á, pọ́ùn méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Òun ló wá ṣáájú ẹjọ́ tí Queensland fi gbà láti san 190 mílíọ̀nù dọ́là ní 2019.

Wọ́n á ní ìwé àkọsílẹ̀ ò pé mọ́, pé àwọn ò mọ iye tí oníkálukú ní. Ta ló ń kọ ìwé ọ̀hún? Ta ló kó o pamọ́? Tí mo bá gbé owó sọ́dọ̀ yín, tẹ́ ẹ wá sọ ìwé ẹ̀ nù, ṣé èmi ló yẹ kó gbàdánù ẹ̀ ni àbí ẹ̀yin? Lójú tèmi, tí ìwé bá ti sọnù lọ́wọ́ onígbèsè, ohun tí olówó bá sọ lẹ kọ́kọ́ máa gbà, onígbèsè ni kó wá ẹ̀rí wá pé irọ́ ni.

Àwọn kan tún ń sọ pé kí ló kan ẹni tó ń san tax lónìí, òun kọ́ ló jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìjọba kì í kú. Ìjọba Queensland tó gba owó yẹn náà ló wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n sì ń jogún gbogbo dúkìá tí ìjọba àtijọ́ fi sílẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ gbèsè nìkan ni wọn ò fẹ́ jogún?

Èlé ńkọ́? Owó ọdún 1950 kì í ṣe owó òní. Kí wọ́n ṣírò ẹ̀ bí báǹkì ṣe ń ṣírò ẹ̀, kí wọ́n sì san ti òkú fáwọn ọmọ ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ìyẹn ò ṣeé ṣe, torí New South Wales, ìpínlẹ̀ míì níbẹ̀, gbà káwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ wá béèrè owó àwọn òbí wọn nínú ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004.