Bí síkáànì kò bá rí nǹkan kan, ṣé ayé ló ń ṣe é?

Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà tí èèrà kan tí mi ò rí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ọ̀pá ẹ̀yìn mi. Àárín èjìká ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á rìn dé ìbàdí. Nígbà mìíràn, á ta mí bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kan wáyà iná. Mo ya MRI, ìyẹn síkáànì tó ń wo inú ara, owó tí mo san ṣì ń dùn mí. Èsì dé: kò sí nǹkan kan. Kí n tó délé, ìdájọ́ méjì ti wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Ìyá mi ní àpèta ni, pé ohun tí ẹ̀rọ òyìnbó kò bá rí, ọwọ́ ayé ló wà.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi yìí lọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́, òun ló sì ń gbé àwọn ọ̀dọ́ dé ọ̀dọ̀ wòlíì àti alágbo kí àyẹ̀wò tó parí.

Àwòrán ni MRI ń yà. Ó ń fi eegun hàn, àti tìmùtìmù tó wà láàárín eegun, àti mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn: bóyá nǹkan fọ́, wú, tàbí tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Kì í ya bí iṣan ṣe ń jíṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò wáyà tó ti orí òpó wọlé yín. Wáyà á hàn kedere, àmọ́ fọ́tò kò lè sọ bóyá iná wà, tàbí bóyá ó ń ṣẹ́jú.

Àwòrán tí kò dáa pàápàá kì í fi gbogbo ara jẹ́ ẹ̀rí. Ní 2015, àwọn oníṣègùn kó ìwádìí 33 jọ lórí èèyàn 3,110 tí ẹ̀yìn kò dùn. Nínú àwọn ẹni 20 ọdún, 37 nínú 100 ni tìmùtìmù ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni 80 ọdún, 96 ni. Bí àwòrán burúkú bá lè wà láìsí ìrora, kí ló dé tí ìrora kò lè wà láìsí àwòrán burúkú?

Ibo ni wọ́n tiẹ̀ yà? Ìbàdí nìkan ni wọ́n ya tèmi. Dókítà mìíràn ló ní kí n tẹ orí ba kí àgbọ̀n mi kan àyà. Ni mànàmáná bá sáré láti ọrùn dé ìbàdí. Àmì Lhermitte ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà ará Faransé kan. Ọrùn ló ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn la ti ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n ya ọrùn, ó mọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀: fítámì B12, tí iṣan nílò kó tó lè jíṣẹ́ dáadáa, ò tó. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà, ẹ̀bà àti ìrẹsì lásán sì ni mo ti fi ń gbé ara fún ọdún mélòó kan.

Ti ẹlòmíì lè jẹ́ àníyàn. Ní 1987, Dókítà Roger Makanjuola kọ̀wé nípa ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí: nǹkan tó ń rìn nínú orí àti ara, ariwo etí, àyà jíjá. Kì í ṣe irọ́ o. Ọpọlọ tó ti wà lójúfò jù dà bí ajá tí olè wọlé bá rí: ewé já, ó gbó.

Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń jáde láìmọ̀, tàbí ibi tẹ́ ẹ fi ń jókòó kú tipiri, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ohun yòówù kí èsì àná sọ. Bí ibà àti rírù bá bá ẹ̀yìn dídùn rìn, ẹ má fi falẹ̀: ikọ́ ẹ̀gbẹ lè jẹ eegun ẹ̀yìn.

Abẹ́rẹ́ B12 ni wọ́n fún mi. Ó tó oṣù mẹ́rin kí èèrà náà tó lọ. Ìyá mi ní àdúrà àwọn ló ṣiṣẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn, mo kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi ẹja sí ọbẹ̀ mi.