Ìgbálẹ̀ Tí Ìyá Rà Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọmọ

Gbogbo òbí tó ní ọmọ ní JSS mọ bó ṣe máa ń rí bí sáà bá kù díẹ̀ kó parí. Ọmọ á ti ilé ìwé dé, á ní tíṣà ní kí àwọn mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Ìyá á kọrí sí Ọjà Ọba ní Adó, á ra ìgbálẹ̀ kan, tàbí kó bẹ káfíńtà pé kó bá òun kan àpótí ìjókòó kékeré. Tíṣà á gba ẹrù, á kọ máàkì sílẹ̀, ìgbálẹ̀ á wọ yàrá olùkọ́. Ọmọ ti gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lórí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ ju pé òun ló gbé e dé ilé ìwé.

A kò kọ èyí láti fi tíṣà ṣẹ̀sín. Ètò ti bàjẹ́ kí tíṣà tó débẹ̀. Èrò wa ni pé ó tó àkókò kí ìjọba Èkìtì fi ìlànà tí àwọn ẹnjiníà ń gbà ṣiṣẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa láti JSS kìíní: kí ọmọ wá ìṣòro kan rí, kó bi àwọn tí ìṣòro ọ̀hún ń bá fínra léèrè, kó ro oríṣiríṣi ọ̀nà àbáyọ, kó yan ọ̀kan, kó ṣe é ní kékeré, kó dán an wò, kó rí ibi tó kù sí, kó sì tún un ṣe. Títún un ṣe yẹn gan-an ló yẹ kí máàkì pọ̀ sí jù.

Ìdí ààrò gàrí la lè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ rí mọ̀ pé èéfín kì í jẹ́ kí àwọn ìyá wa gbádùn: ojú á pọ́n, ikọ́ á gbà wọ́n, agbada kò sì ṣeé fi sílẹ̀. Ká ní a pín àwọn ọmọ JSS kejì ní mẹ́rin-mẹ́rin, tí a rán wọn lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n panu mọ́, kí wọ́n wò. Ibo ni èéfín ń gbà jáde? Ibo ni wọ́n ti ń ki igi? Agbada fẹ̀ tó báwo? Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá béèrè. Ìyá kan lè sọ fún wọn pé òun kò fẹ́ ògiri gíga níwájú ààrò, torí òun ní láti máa rí iná kí gàrí má bàa jóná. Gbólóhùn yẹn nìkan ti pa ìdajì èrò tí wọ́n gbé bọ̀ láti kíláàsì. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn.

Wọ́n á padà dé, wọ́n á fi amọ̀ mọ ààrò kékeré, wọ́n á fi agolo mílíìkì tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ ṣe ọ̀nà èéfín. Wọ́n á dáná sí i, èéfín á sì padà sí wọn lójú. Kí ló dé? Ọ̀nà èéfín kúrú jù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń gòkè. Bí ọ̀nà tó ń gbà bá ga sí i, á fa èéfín dáadáa sí i, àmọ́ bó bá ní kọ́nà púpọ̀, agbára yẹn á dínkù. Wọ́n á so agolo mìíràn mọ́ ti àkọ́kọ́. Èéfín gòkè wàyí, ṣùgbọ́n igi ń yára jó tán, ooru sì ń bá èéfín lọ. Ìṣòro tuntun nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì sí lẹ́yìn ìwé kankan.

Àwọn kan á ní ìjọba àpapọ̀ ti ṣe é. Lóòótọ́, ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n kéde ní 2025 mú iṣẹ́ bíi sólà, aṣọ rírán àti títún fóònù ṣe wọ JSS. A yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ́ bí a ṣe ń so sólà mọ́ bátìrì mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ni. Ọmọ tó kọ́ láti béèrè pé gílóòbù mélòó ni ilé ìgbẹ̀bí yìí ń tàn lóru, àti pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí oòrùn kò bá ràn fún ọjọ́ mẹ́ta lóṣù Keje, lè bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n gbé jáde ní 2013 ti fi irú ìbéèrè yìí síwájú ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi.

Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé dìde. Àwa ń bẹ̀rù ọjọ́ tí owó bá wà gan-an ni, nítorí a kò gbàgbé Intro Tech, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ́ ní JSS láyé ijọ́un. Lẹ́yìn tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SSS, mẹ́rin ní fásitì) bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni àwọn ẹ̀rọ tí a fi owó gọbọi kó wọlé ti jókòó sínú àpótí wọn. Kò sí iná, kò sí yàrá tí wọ́n á kó wọn sí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ́ńtíráàtì rọ́bọ́ọ̀tì wá bá kọ̀mísọ́nnà, kó rẹ́rìn-ín sí i, kó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Páálí, ọparun, amọ̀, okùn, agolo àti rúlà ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi máàkì gan-an ni iṣẹ́ wà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ohun tó dán wò sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó yí padà, kí máàkì àárín sáà sì ti inú ìwé yẹn jáde. Bí ìwé ọ̀hún bá mọ́ tónítóní, kí tíṣà fura. Ọmọ tí nǹkan rẹ̀ wó lulẹ̀ léraléra, tó sì lè sọ ìdí rẹ̀, ló yẹ kó gba máàkì ju ẹni tó gbé ohun dídán wá láìní àlàyé. Àwọn òbí kan á bínú. Kí wọ́n bínú.

Ìṣòro kan tún wà tí wọn kì í fẹ́ sọ síta: àwa Èkìtì Kété, a ń fi iye ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn, ọ̀pọ̀ wa sì gbà pé ọmọ tí orí rẹ̀ kò gba ìwé ni iṣẹ́ ọwọ́ wà fún. Ṣé ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, ni kò ní orí pípé? Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọ̀hún dé ibi ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924, British Museum sì gbà á mọ́ra títí dòní.

Àwọn tíṣà ní ẹjọ́ tó tọ́. Ọmọ pọ̀ ní kíláàsì, sílébọ́ọ̀sì BECE, ìdánwò àṣejáde JSS, sì wà lọ́rùn wọn. Nítorí náà, kí ìjọba yọ nǹkan kúrò kó tó fi òmíràn kún un: àkókò tí a fi ń da nóòtì kọ lára pátákó ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n sì lo àwọn tó wà nítòsí. Fásitì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́, EKSU tó jẹ́ fásitì ìpínlẹ̀ wa, ABUAD tó jẹ́ fásitì Afẹ́ Babalọlá, àti Pólì Adó ló ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹnjiníà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti ibẹ̀ lè jókòó ti tíṣà ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Bí kọ̀mísọ́nnà bá fẹ́ fi kékeré bẹ̀rẹ̀, kó mú ilé ìwé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún péré, ní sáà kẹta tí òjò ń rọ̀. Òrùlé tó ń jò kò wọ́n ní ilé ìwé wa, àwọn ọmọ kò sì ní rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ìṣòro.